Ummulkhair àti Fídíò Tí Wọ́n Ní Kó Pa Rẹ́

Bí ẹ bá dé Láwánsọ̀n ní Sùúrùlérè, tí ẹ ní ẹni tó ń gé fídíò, tó ṣeé fọkàn tán, lẹ ń wá, ọ̀dọ̀ Ummulkhair ni wọn yóò júwe fún yín. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láptọ́ọ̀pù kan ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Inú láptọ́ọ̀pù náà kéré. Fídíò ìgbéyàwó kan péré ti tó láti kún un dé ọrùn. Nítorí náà, háàdì ló gbójú lé, àwọn àpótí pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ láptọ́ọ̀pù kí wọ́n lè kó iṣẹ́ sí i.

Bó ṣe ń tọ́jú wọn máa ń ya àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Èyí tó yára jù ló fi ń gé fídíò, kì í sì í jẹ́ kí iṣẹ́ tó ti parí pẹ́ nínú rẹ̀. Tó bá ti parí, ẹ̀dà méjì ló máa ń kó sínú àwọn háàdì ńlá: ọ̀kan ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ìkejì ń bẹ lọ́dọ̀ Fàrídà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Oto. Ìṣojú rẹ̀ ni háàdì kan ṣoṣo tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní ṣe já bọ́ lórí tábìlì, tí iṣẹ́ ọdún gbáko sì bá a lọ. Ọkùnrin náà sunkún bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Láti ìgbà náà ni Ummulkhair ti pinnu pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ò ní ti ọwọ́ òun ṣòfò.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́níkẹ́ wọlé wá. Ummulkhair ló gé fídíò ìgbéyàwó rẹ̀, àmọ́ ìgbéyàwó náà ti tú ká.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́ pátápátá," ló wí. "Ó ti sú mi. Àwọn èèyàn ṣì ń gbé e káàkiri orí fóònù, wọ́n á ní, 'Ṣé ẹ rántí ìyàwó yìí?'"

"Ayọ̀kànmí tó jẹ́ ọkọ rẹ ńkọ́? Kí lòun sọ?"

"Òun gan-an ló ní kí n wá."

Ummulkhair ò bá a jiyàn. "Ó dáa. Jẹ́ kí n lọ gbé ẹ̀dà tó wà ní Oto wá. Padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí o fojú ara rẹ rí i."

Ọjọ́ Jímọ̀ ò tíì pé tí ìyá Ayọ̀kànmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Yaba, fi pè é. Ọkọ Màmá ti kú nígbà òjò tó kọjá. Ẹ̀dà fídíò tí wọ́n fún wọn nílé ti bàjẹ́, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n gba ohùn Bàbá sí.

"Ọmọ mi, àdúrà tí Bàbá gbà lọ́jọ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́ gbọ́," ni Màmá ń bẹ̀bẹ̀. "Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn."

Ì bá rọrùn fún Ummulkhair láti fún Màmá ní kọ̀rọ̀. Ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún Ọmọ́níkẹ́. Ó pe ọmọbìnrin náà, ó sì sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́.

"Mò ń bọ̀," ni Ọmọ́níkẹ́ sọ.

Nígbà tó dé, wọ́n jọ wo àdúrà náà. Ọwọ́ Bàbá wà lórí ìyàwó, ohùn rẹ̀ sì ń rọra dún: "Olúwa, ọmọ mi ni Ọmọ́níkẹ́ láti òní lọ. Ibikíbi tó bá forí lé láyé, má jẹ́ kí ojú tì í."

Ọmọ́níkẹ́ bú sẹ́kún.

"Mo lè fa àwòrán náà sún mọ́, kó jẹ́ ojú Bàbá nìkan ló máa hàn," ni Ummulkhair wí. "Mo sì lè gé orúkọ rẹ kúrò."

"Ẹ fa àwòrán yẹn sún mọ́." Ọmọ́níkẹ́ nu ojú. "Àmọ́ ẹ má gé orúkọ mi. Mo ṣì fẹ́ àdúrà yẹn."

Ummulkhair ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó wá pa ìyókù rẹ́ nínú ẹ̀dà méjèèjì, títí kan èyí tó ti lọ gbé wá láti Oto. Kò fi mọ síbẹ̀ o, nítorí ó mọ̀ pé ohun téèyàn pa rẹ́ nínú háàdì kì í lọ tán lójú ẹsẹ̀; ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè wá a jáde, àfi bí nǹkan mìíràn bá gorí rẹ̀. Ló bá kó fídíò ògiri àti àjà ilé, tó fi kámẹ́rà yà láìnídìí, kún àyè tó ṣófo nínú háàdì méjèèjì dẹ́nu. Iṣẹ́ náà gba gbogbo ọ̀sán. Ọmọ́níkẹ́ jókòó tì í, wọ́n jọ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Màmá wá. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó dijú, ó sì gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Ó ní kí Ummulkhair tún jẹ́ kí òun gbọ́ ọ.

"Ṣé Ọmọ́níkẹ́ gbà kí o fún mi?"

"Ó gbà, Mà. Òun ló ní kí n má gé orúkọ òun."

"Háà! Bá mi kí i."

"Ẹ kí i fúnra yín, Mà."

Ummulkhair pe Ọmọ́níkẹ́, ó na fóònù sí Màmá, ó sì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè ráyè sọ̀rọ̀. Ẹkún ló kọ́kọ́ gbọ́ láti inú yàrá. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí Màmá ń rẹ́rìn-ín.