Àwòrán Ogun Ojú Òkun Tó Wà ní Pálọ̀ Wa

Ọdún mẹ́ta ni àwòrán náà ti wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Ṣakí kí màámi tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ọkọ mi, tó ń ta àga àti kọ́bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀, ló bá a lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú ẹrù tí wọ́n já fún un. Ọ̀dà elépo ni wọ́n fi yà á sórí aṣọ, ó sì gùn tó ilẹ̀kùn tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ìbú. Olùkọ́ ìtàn kan tó wá ra tábìlì sọ fún wa pé ogun àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni, ogun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń gbé ọkọ̀ lọ lójú òkun. A gbé e kọ́. Láti ìgbà náà, tí mo bá gbálẹ̀ tán, mo kàn máa ń nu férémù rẹ̀ ni.

Àgbẹ̀ ni màámi ní Ìwéré-Ilé. Nígbà tí nǹkan funfun bo ẹyin ojú wọn méjèèjì, wọ́n ṣì ń lọ sóko, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ebè. Ọjọ́ tí wọ́n fi ọkọ́ ṣá ara wọn lẹ́sẹ̀ ni mo lọ mú wọn wá. Dókítà ṣe ojú ọ̀tún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí báńdéèjì, a sì padà sílé.

Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni màámi ti dúró.

"Kí lèyí tó ń jóná?"

"Àwòrán ni, Màmá," ọkọ mi dáhùn.

Wọ́n sún mọ́ ọn. Mo fa àga fún wọn, wọn ò jókòó. Wọ́n ń fi ìka tọ́ka láìfọwọ́ kàn án: òpó ọkọ̀ tó kán sí méjì, aṣọ ìgbòkun tí ọta ìbọn àgbá ti dá lu, èéfín tó pọ́n bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun igbó lẹ́ẹ̀rùn.

"Ilẹ̀ wọn dà?"

"Kò sílẹ̀ níbẹ̀, Màámi. Omi ni gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo èyí? Níbo wá ni ẹni tí ẹ̀rù bá bà máa sá gbà?"

Màámi tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i.

"Èyí tó wà nínú omi yìí ńkọ́?"

"Èwo, Màámi?"

Igun ìsàlẹ̀ ni wọ́n tọ́ka sí. Ìfófòó omi ni mo pè é látọjọ́ yìí. Ọkọ mi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí i, mo sì rí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó na ọwọ́ sókè. Ọkọ̀ kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí ìdọ̀tí ti sọ di dúdú. Ẹnì kan tẹ̀ jáde látinú rẹ̀, ó gbá a mú lọ́rùn ọwọ́.

"Wọ́n ti dì í mú," màámi wí. "Ẹ wò ó, wọ́n ti dì í mú!"

Ọkọ mi sọ àwòrán náà kalẹ̀, ó gbé e ti àga. Màámi nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n fi ìka kan ìgbì omi, níbi tí ọ̀dà ti ki pọ̀. Wọ́n wo ìka ọ̀hún.

"Gbígbẹ ni," ni wọ́n sọ, bíi pé ó yà wọ́n lẹ́nu. "Èèyàn kan ló jókòó tó fọwọ́ ṣe èyí?"

"Èèyàn ni, Màámi."

"Sùbúhánálláhì."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, iwájú àwòrán náà ni wọ́n máa jókòó sí. Èmi náà á gbé tíì mi wá.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ọkọ mi ní kí wọ́n gbé e dání. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní èéfín ààrò yóò bà á jẹ́.

Mo lọ kí wọn ní Ìwéré-Ilé lẹ́yìn oṣù kan. Mo bá wọn lábẹ́ igi kajú níbi tí àwọn obìnrin àdúgbò ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ìtàn ogun náà ni màámi ń sọ fún wọn, ọ̀bẹ kò sì lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ta ló wá ṣẹ́gun?" ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

Màámi wo ojú mi. Mo ní mi ò mọ̀. Kò tilẹ̀ jọ wọ́n lójú, torí òmíràn ti ń bi màámi bóyá ọmọ inú omi náà ní bàtà lẹ́sẹ̀.