Búrẹ́dì fún Ìrìnàjò Àrèmabọ̀

Nígbà tí ìjọba kéde pé ayé ń gbẹ, pé ó di dandan kí ọmọ ènìyàn wá ibùgbé mìíràn lọ sójú òfuurufú, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní abúlé wa. Òkun tiwa ti gbẹ láti ìgbà ayé bàbá mi. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ṣì wà nínú iyanrìn níbẹ̀, ràkúnmí ń forí pamọ́ fún oòrùn lábẹ́ wọn.

Batima aládùúgbò mi kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tó gbọ́. Wàrà ràkúnmí ló ń fún lọ́wọ́. Opó ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í gba ìmọ̀ràn. Abẹ́ ọ̀nà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbà ló gbé dàgbà, ohun tó sì mọ̀ nípa wọn kò ju pé irin wọn máa ń já bọ́ lọ. Irin bẹ́ẹ̀ ló fi kan òrùlé ilé adìyẹ rẹ̀. Ó ní àwọn adìyẹ òun kò ráhùn.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn á gé búrẹ́dì jẹ lẹ́ẹ̀kan kó tó jáde. Wọ́n á gbé ìyókù kọ́ sára ògiri. Oúnjẹ rẹ̀ ń dúró dè é, dandan ni kó padà wá jẹ ẹ́ tán. Ọkọ Batima gé tirẹ̀ jẹ nígbà tó ń lọ sójú ogun; ó padà dé, ó jẹ ìyókù, eyín rẹ̀ kan kán. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì gé tiwọn, wọ́n lọ sí ìlú ńlá, wọ́n mú ìyàwó bọ̀. Búrẹ́dì Batima kò kùnà rí, ó sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bi í.

Ìṣòro dé nígbà tí ìjọba yan Madiyar, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, mọ́ àwọn tó ń lọ sójú òfuurufú. Àbíkẹ́yìn ló ni ilé òbí lọ́dọ̀ wa, òun ló ń dúró ti ìyá. Ọkọ̀ tí wọ́n ní kó wọ̀ kò sì ní padà wá mọ́ láé.

Mo bi Batima pé, "Ṣé ẹ máa ṣe búrẹ́dì fún un?"

"Kuanysh, ṣé o fẹ́ kí n fi búrẹ́dì purọ́ ni?"

"Ẹ má ṣe é nígbà yẹn."

"Kọ́mọ mi wá máa lọ bí ẹni tí ò nílé? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ tí mo fi ọkọ̀ gbé e lọ dágbére fún ọmọ rẹ̀ ní ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó wé búrẹ́dì mọ́ inú ìborùn rẹ̀. Madiyar wà lẹ́yìn gíláàsì, nítorí wọ́n ti ya àwọn tó ń lọ sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa kó àìsàn. Dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, dí wa lọ́nà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan láti ìta."

"Ààrò mi lò ń pè ní ìta?"

"Òfin ni, Ìyá mi."

"Ta ló bí òfin? Ẹ pe ìyá ẹ̀ wá ká jọ sọ ọ́."

Dókítà náà wojú rẹ̀ títí. "A lè fi ẹ̀rọ pa kòkòrò ara ẹ̀, ká dì í sínú ọ̀rá. Á gbé e dání lọ. Àmọ́ kò lè gé e jẹ."

Madiyar ti ń sunkún. "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́. Má pariwo."

Batima tú ìborùn. Ó gbé búrẹ́dì náà sẹ́nu, òun fúnra rẹ̀, ó gé e jẹ. Ó rọra jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó gbé e mì, ó wá na ìyókù sí dókítà, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Tó o bá débẹ̀, gbé e kọ́ sára ògiri," ó sọ fún Madiyar. "Ọ̀dọ̀ rẹ nilé wà báyìí. Èmi ni mo wà lójú ọ̀nà."

"Ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Ó dìgbà tí mo bá rẹ́ni gba ràkúnmí lọ́wọ́ mi. Ìwọ ṣáà máa dè mí."

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, Batima sunkún débi pé mo ní láti dá ọkọ̀ dúró, nítorí èmi náà kò ríran mọ́.