Ẹkún tí Mo Sun Lábẹ́ Aṣọ Rábíátù

Rábíátù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, agbo ilé kan náà ni wọ́n bí wa sí ní Ṣakí, òun ló sì kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ láyé yìí. Mo dárúkọ rẹ̀ ní gbangba nítorí pé kò tijú nígbà tó ń ba tèmi jẹ́. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn òrí tó pò mọ́ osùn, mo máa ń fọwọ́ bo imú. Òórùn abẹ́ aṣọ ìborí rẹ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ tí gbogbo àdúgbò ní ó sun ẹkún ìyàwó tí irú rẹ̀ kò sí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bó ṣe rí nígbà náà. Ìyàwó tó bá ń lọ sílé ọkọ á borí, á máa ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, á máa fi ohùn ẹkún dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, á máa tọrọ àdúrà. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n sun, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Kùmásí ni Rábíátù sì ti dàgbà, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń tajà níbẹ̀. Ó gbọ́ èdè wọn, ó mọ búrẹ́dì ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ẹsẹ ẹkún kan ṣoṣo. Èmi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọ̀nà odò. Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi níbi tí a ti ń po òrí lẹ́yìn ilé. Ohùn mi sì ti dàgbà jù mí lọ.

Ó pè mí sẹ́yìn àká àgbàdo, ó kúnlẹ̀ fún mi, odindi wúńdíá. Ó ní, "Àjọkẹ́, bò mí láṣìírí. Bó bá di ọ̀la, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún wọn pé ìwọ lo bá mi sun ún."

Mo gbà á gbọ́. Ọmọ kékeré a máa tọ ìyàwó lẹ́yìn, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí mò ń ṣe lábẹ́ aṣọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun àsárì títí oòrùn fi wọ̀, mo sunkún káàkiri àdúgbò. Bàbá rẹ̀, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kì í rọ̀, fi etí agbádá nu omi ojú. Obìnrin kan pariwo pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ní Kùmásí ti bà á jẹ́, ẹ gbọ́ nǹkan!" Gbogbo ìgbà náà, Rábíátù ń jẹ ẹ̀pà lábẹ́ aṣọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń rọra rún un lẹ́nu.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré kan wà nílùú lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì gbọ́ ohùn náà láti òpópónà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó sin ìyàwó lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó wá sí agbo ilé wa. Ó ní òun ń wá ẹni tó ni ohùn àná, kó wá bá òun ṣeré lórí ìtàgé.

Rábíátù ní, "Èmi ni." Ohùn rẹ̀ já gaara bí agogo.

Ọkùnrin náà mi orí. "Ó ṣe o. Ìyàwó ọlọ́kọ kò ṣeé gbé kiri."

Ni mo bá sáré jáde. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni, àmọ́ ohùn mi ti há. Ohun tó jáde dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi bi Rábíátù léèrè, Rábíátù ní, "Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Ẹ ò mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló máa ń sín jẹ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n bi yín o. Ẹni tó fi odindi ìrọ̀lẹ́ sunkún láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ṣé ohùn rẹ̀ á já gaara lọ́jọ́ kejì? Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn àgbà ọlọ́gbọ́n tó jókòó níbẹ̀ tó rò ó. Bàbá mi, tí kì í na ọmọ, nà mí ní pàṣán. Ọ̀gá eléré bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n sì ń pè mí ní Àjọkẹ́ Onírọ́ títí mo fi kúrò nílé.

Màámi a máa tù mí nínú pé, "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a." Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí. Òtítọ́ ṣì wà lọ́nà, ó ń tiro bọ̀.

Mo kàwé, mo ṣe tíṣà ní Tẹ̀dé, kí n tó fẹsẹ̀ ara mi wá ìtàgé lọ. Wọ́n wo ojú mi tó le, wọ́n ní ìyá ọkọ ló yẹ mí. Láti orí ìtàgé dé tẹlifíṣọ̀n, dé fíìmù tí ẹ̀ ń wò lórí fóònù, ìyá ọkọ ni mò ń ṣe, tàbí ìyáálé, tàbí aládùúgbò onírọ́. N kò ṣe ìyàwó rí. Obìnrin kan kọ̀ láti ta iṣu fún mi lọ́jà Ìsẹ́yìn: "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin tí ẹ lé ọmọ ọlọ́mọ síta nínú òjò!" Ìyẹn kò dùn mí tó ti fíìmù kan báyìí. Ọmọbìnrin tó ṣe ìyàwó níbẹ̀ kò lè sun ẹkún, ó kàn ń fi róòbù ra ojú. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn kámẹ́rà kí n sun ún, wọ́n sì fi ohùn mi sí i lẹ́nu. Nígbà tí orúkọ jáde níparí, "Ìyá Ọkọ" nìkan ni wọ́n kọ síwájú tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, Rábíátù ránṣẹ́ pè mí sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ, àwọn ọmọ sì fẹ́ fi fóònù gba ẹkún ìyá àgbà wọn sílẹ̀, ẹkún tí wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti kékeré. Mo wọ aṣọ tó dára jù tí mo ní. Mo rò pé ó fẹ́ jẹ́wọ́ lójú wọn ni. Ó fà mí wọ yàrá, ó nawọ́ sí kọ́tìnì. "Àjọkẹ́, jókòó sẹ́yìn ibẹ̀. Èmi á máa mi ètè."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà náà ì bá wọ ibẹ̀, nítorí ó gba ìlérí gbọ́, nígbà tó sì yẹ kó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ há. Tèmi kò há lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Àǹtí Rábí, n kò wọ ẹ̀yìn aṣọ kankan mọ́. Ẹ jẹ́ ká jáde, kí ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo sun tàtijọ́."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bú. Lẹ́yìn náà ó jókòó létí ibùsùn, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ìwọ Àjọkẹ́ yìí! Èmi ni mo kọ́kọ́ fún ọ níṣẹ́ láyé. Láti ọjọ́ náà, o ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."