Òkúta Ìyà Tó Bá Wa Dé Calgary

Bí snow bá ti ń yọ́ ní àdúgbò Temple tí mò ń gbé ní Calgary, ní Kánádà, tí omi ń ṣàn lábẹ́ fẹ́ńsì, tí ilẹ̀ tó ti le bí irin látìgbà òtútù wá ń tú díẹ̀díẹ̀, òórùn kan máa ń jáde nínú ilẹ̀ yẹn tó máa ń gbé mi padà sórí òkè ilé-ìwé wa. Òórùn àpáta tútù ni, àti ti koríko tó ti jẹrà. Ìyàwó mi ní òun ò gbóòórùn nǹkan kan. Báwo ló ṣe máa gbọ́ ọ? Kò bá wa gun òkè náà. Ìwọ tó lọ ilé-ìwé bọ́ọ̀dìn ni ọ̀rọ̀ yìí yé, torí gbogbo wa la ní òórùn tiwa tí kì í jẹ́ ká gbádùn.

Àwọn òyìnbó ajíhìnrere ló dá ilé-ìwé wa sílẹ̀ láyé ìjọba àwọn òyìnbó. Wọ́n ní atẹ́gùn dára lórí òkè, ẹ̀fọn ò sí níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ọmọ jìnnà sílé baba wọn. Odò wà nísàlẹ̀, ilé-ìwé wà lókè, ọ̀nà olókùúta kan tó ṣe kọ́lọkọ̀lọ ló so méjèèjì pọ̀. Gbogbo òkúta tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, orí làwọn ọmọ ilé-ìwé ìgbà yẹn fi rù ú. Ọ̀gá àgbà òyìnbó ló ṣe é lófin pé ọmọ tó bá ṣẹ̀, kó sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, kó ṣa òkúta kan, kó rù ú wá sókè. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì parí, òyìnbó palẹ̀ ẹrù mọ́, àwọn èèyàn wa gba ilé-ìwé. Àmọ́ a ò dáwọ́ òkúta rírù dúró o! Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la wá ń kó o jọ sí, òkìtì ńlá tí ẹnikẹ́ni ò fi kọ́ nǹkan kan. Àwa náà sì fi tiwa kún un: bí ọmọ bá ti ń gbé òkúta gun òkè, Senior á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú pàṣán. Òkúta ìyà la ń pè é. Òfin kan tún wà tí kò sí nínú ìwé, pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè kì í sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tó bá fẹjọ́ sùn, ayé ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Èmi náà rù ú, mi ò lè ka iye ìgbà. Mo máa ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń búra pé tí mo bá dé SS3, màá ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Irọ́ burúkú! Wọ́n fi mí ṣe prefect ilé tá a ń sùn, wọ́n fa pàṣán lé mi lọ́wọ́, ara mi yá gágá. Kí n má parọ́ fún ọ, mo mọ pàṣán lò ju àwọn tó nà mí lọ.

Àárọ̀ Sátidé kan ni, ọjọ́ táwọn òbí máa ń wá kí ọmọ wọn. Ọmọ JSS1 kan pẹ́ dé ibi àdúrà. Ọmọ bíríkìlà ni, ojú ẹ̀ tóbi, ara ẹ̀ tín-ín-rín. Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sódò. A débẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pọnmi, mo nàka sí òkúta kan fún un. Ó wò ó, ó wò mí, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Senior, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nà mí dípò ẹ̀. Bàbá mi sọ pé èèyàn kì í ru òkúta tí wọn ò ní fi kọ́lé."

Háà! Kò ṣẹlẹ̀ rí. Gbogbo àwọn tó ń pọnmi dúró. Ó kúnlẹ̀ o, ó bẹ̀ mí o, àmọ́ ó ti kọ̀, gbogbo wọn sì ti gbọ́ ọ. Mo bá da pàṣán bò ó. Mo nà án lẹ́yìn títí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fi ya, tí ẹ̀jẹ̀ ń rin aṣọ. Kò sunkún. Àìsunkún ẹ̀ yẹn ló sọ mí di ẹranko. Mo sọ pàṣán nù, mo mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé korobá láàárín ènìyàn méjì, mo là á mọ́ ọn. Ó gbé apá ọ̀tún bo orí. Mo gbọ́ ìró ẹ̀, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi ìdáná. Apá náà kàn rọ̀ dirodiro. Ṣé o rò pé mo dúró? Mo gbé òkúta lé e lórí. Ọwọ́ òsì ló fi dì í mú títí tó fi dókè, ó sì ń bì lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá àgbà bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú aṣọ funfun prefect mi. Ọmọ náà wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, "Mo ń ṣeré lórí àpáta ni, sà. Mo ṣubú." Bí mo ṣe yè bọ́ nìyẹn.

Bàbá ẹ̀ dé lọ́sàn-án pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹja díndín. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó gbá ọmọ tí apá ẹ̀ kán yẹn létí níṣojú wa. Ó ní, "Èmi ń fi ọrùn ru búlọ́ọ̀kù kó o lè kàwé, ìwọ ń ṣeré!" Ó ní kó palẹ̀ mọ́, ilé-ìwé ti parí fún un nìyẹn. Èmi ni mo bá wọn gbé àpótí ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ òkè. Bàbá náà gbá mi léjìká, ó ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á jẹ́ káwọn òbí mi jèrè mi, pé irú ọmọ tó yẹ kéèyàn ní nìyẹn. Mo ṣe àmín. Ọmọ náà ò gbójú sókè.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá. Mo ti di supervisor ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Foothills Industrial, mo ti gba PR, ìwé àṣẹ ìgbélùú, ọmọbìnrin mi ti pé mẹ́rìnlá. Àwa tá a jáde nílé-ìwé yẹn tá a wà ní Calgary máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ilé ọmọ kíláàsì mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà la wà, ilé tuntun ní àdúgbò Cityscape, nínú basement, yàrá abẹ́ ilé; ọmọbìnrin mi bá mi lọ, òun wà lókè. Àṣà kan sì wà tá a gbé wá síhìn-ín, Ọlọ́run má bínú sí wa: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ á lọ gbé òkúta kan nínú àwọn òkúta funfun tí wọ́n fi ṣe ọgbà níwájú ilé, á rù ú sọ̀kalẹ̀ wá sí basement, a ó máa pàtẹ́wọ́, a ó máa ya fọ́tò. Eré la pè é.

Ẹni tuntun tó wọlé lọ́jọ́ náà, ìyàwó ẹ̀ ló wá kàwé níbí, òun tẹ̀ lé e wá. Ó ní ọdún kan péré lòun lò lórí òkè. Onílé ní, "Ọmọ òkè náà ni ẹ́!" Èmi ò mọ ojú ẹ̀. Apá ẹ̀ ni mo mọ̀. Apá ọ̀tún ò nà tán, ó tẹ̀ sínú níbi ìgbọ̀nwọ́. Ẹnì kan bi í pé kí ló ṣe é. Ó wojú mi, ó ní, "Mo ṣubú lórí òkè." Mo mọ ohun tó ń retí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bọ́ irọ́ yẹn lọ́rùn ẹ̀, èmi sì ni.

Mo dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dákẹ́!

Onílé gbé òkúta wọlé fúnra ẹ̀, ó ń pariwo, "Junior! Òkúta ìyà!" Ọkùnrin náà ní, "Mi ò rù ú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn méjì dì í léjìká mú, onílé fẹ́ gbé e lé e lórí. Ó jà, ó ti òkúta náà dànù, ó já lu ẹsẹ̀ onílé. Onílé fọ́ ọ létí. "Ṣé o ò mọ̀ pé Senior ẹ ni mí?" Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì kàn án lẹ́nu, ètè bẹ́. Ni wọ́n bá wọ́ ọ lulẹ̀, àwọn àgbààgbà, àwọn tó ń darí ìjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbá a nípàá, orúnkún ẹnì kan wà láyà ẹ̀. Apá tí kò nà yẹn ló tún gbé bo orí.

Ara mi kọ̀ ọ́. Mo kígbe, "Ẹ fi í sílẹ̀! Kò ṣubú! Èmi ni mo kán an lápá!"

Ọmọbìnrin mi wà lórí àtẹ̀gùn, fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, odò, ọ̀pá, àdúrà tí bàbá ẹ̀ gbà fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, èmi Senior. Ó ní, "Ẹ dìde." Mo rò pé ó ti dárí jì mí. Bí mo ṣe nàró, ó lù mí nímú, imú ṣẹ́. Ó lù mí títí mo fi jókòó sílẹ̀ lára ògiri, ẹ̀jẹ̀ ń dà sórí kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Mi ò gbọ́wọ́ sókè. Onílé fẹ́ pe ọlọ́pàá, mo ní tó bá pè é, èmi àti ẹ̀ ò ṣọ̀rẹ́ mọ́.

Ọkùnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Títí tó fi kú, ó gbà pé eré ni mò ń ṣe. Ẹ ti wá sọ ọ́ báyìí, ta ni màá sọ ọ́ fún?" Ó mú jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ. Títí dòní, kò tíì dárí jì mí, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ mọ́. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Bí mo bá rí i ní ibùdókọ̀ ní Foothills, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i. Nígbà míì, ó máa ń dáhùn.

Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn ò sí nínú basement. Inú mọ́tò ni. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́, ọmọ mi ló jókòó tì mí, mo fi tíṣù di imú mú. Ó ní, "Dad, were you mad at him? Back then?"

Ì bá wù mí kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú bíbí, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ó ṣe é tọrọ àforíjì fún. Àmọ́ mo ti parọ́ tó. Mo sọ fún un pé inú mi dùn láàárọ̀ yẹn, pé màmá mi ń bọ̀ wá wò mí, pé orin ni mò ń kọ bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Ó yíjú sí fèrèsé títí a fi délé. Mi ò sọ èyí tó kù fún un, ìwọ ni mò ń sọ ọ́ fún: lẹ́yìn tí mo kán ọmọ ọlọ́mọ lápá, mo fọwọ́, mo lọ sí yàrá ìjẹun, mo jẹ ẹ̀wà mi tán, mo sì ní kí wọ́n bù sí i.