Àníkẹ́ Inú Orin

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń pè mí ní Ọkọ Àníkẹ́ ní gbogbo àdúgbò wa n'Ìrẹmọ. Kì í ṣe pé ìyàwó mi gbajúmọ̀ o. Orin ló fà á. Àgbà olórin rọ́ọ̀kì kan wà tí mo fẹ́ràn láti ìgbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nílé ìwé girama, nígbà tí àwa ọ̀dọ́ ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí irun orí wa sì rí bí igbó. Nínú gbogbo àwo rẹ̀, èyí tó pa mí jù ni èyí tó ti ń ké pe Àníkẹ́. Á ké e, á ké e, títí gìtá yóò fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo wá rí ọmọbìnrin Ìwó kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Òkè-Ògbó, kò pẹ́ tí mo fi béèrè oríkì rẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àníkẹ́ ni." Mo rò pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń ta gìtá fún mi lọ́jọ́ náà.

A fẹ́ra wa, a bí ìbejì. Àwọn ará ilé ń pe ìyàwó mi ní Ìyá Ìbejì. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àáfà n'Ìwó, orúkọ tó sọ ọ́ lọ́jọ́ sùnnà ló fi ń pè é. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló máa ń fi oríkì pè é tẹ́lẹ̀, ìyá náà sì ti kú kí n tó débẹ̀. Nítorí náà èmi nìkan ló kù tó ń ké Àníkẹ́, mo sì ń ké e dáadáa, pẹ̀lú ohùn olórin. "Hùn-ún" ni yóò fi dá mi lóhùn. Mo kà á sí ìtìjú obìnrin.

Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, ìròyìn kàn pé bàbá olórin ń bọ̀ wá ṣeré ní gbọ̀ngàn yunifásítì. Ẹni tó ba ayọ̀ mi jẹ́ ni báàbà mi. Bó ti ń gẹ irun mi lọ́wọ́ ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé ó lẹ́ni tí bàbá yẹn kọ orin Àníkẹ́ fún? Wọ́n lọ́mọ Ìwó ni. Ìbàdàn ló ti pàdé ẹ̀." Mo bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí n tó dé Ẹnuwá lójú ọ̀nà ilé, ẹ̀rín náà ti gbẹ lẹ́nu mi. Ìyàwó mi ti gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ n'Ìbàdàn nígbà tó wà lọ́mọge. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Mo délé, mo ní a jọ ń lọ síbi eré náà ni. Ó ní kí n máa lọ, ariwo gìtá máa ń fọ́ òun lórí. Ahá! Kí ló dé tí kò fẹ́ kí bàbá yẹn rí òun? Nígbà tó yá, ó gbà, ó yọ léèsì ìkómọ àwọn ìbejì, ó sì lé tìróò. Ahá! Nítorí ta ni? Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, àmọ́ mo ti lo tèmi kọjá ìwọ̀n.

Ọ̀sán Sátidé ni eré náà. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu: àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti àwa olólùfẹ́ àtijọ́ tí ikùn ti yọ. Bàbá náà jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun àti ṣòkòtò aláwọ tó ti fún un jù, ariwo sì sọ. Ẹni tí mo ti ń fẹ́ fojú rí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wà níwájú mi, n kò wò ó. Ojú ìyàwó mi ni mò ń wò. Bó bá mi orí, mo rí i. Bó bá nu òógùn, mo rí i. Bí bàbá náà bá kọjú sí apá ọ̀dọ̀ wa, n ó tẹ̀lé ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Títí di òní, mi ò lè sọ àwọn orin tó fi bẹ̀rẹ̀.

Ó wá fọwọ́ kan okùn gìtá, mo sì mọ èyí tó kàn. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Lónìí mo fẹ́ rí wọn. Gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ Àníkẹ́ nínú ilé yìí, ẹ dìde!"

Obìnrin dìde níhìn-ín, obìnrin dìde lọ́hùn-ún: ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ọ̀wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ní láti fà sókè. Bàbá náà ní, "Ṣé ẹ rí i? Wọ́n máa ń bi mí pé Àníkẹ́ wo ni. Gbogbo yín ni o! Mi ò sì rí ìkankan fẹ́ nínú yín!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi jókòó pa.

Mo fi ìgúnpá gún un. "Dìde."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá Ìbejì."

"Kí lò ń fi pa mọ́? Àbí o ò fẹ́ kó dá ẹ mọ̀ ni?"

Gìtá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, n kò gbọ́ èsì rẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́ sókè. Ó tún un sọ, gìtá tún bò ó. Mo gbé etí sún mọ́ ọn, mo ní, "Kí lo wí?" Inú bí i wàyí, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo. Ìgbà yẹn gan-an ni iná lọ. Gìtá dákẹ́ lójijì, ohùn ìyàwó mi nìkan ló kù nínú gbọ̀ngàn:

"Àníkẹ́ kọ́ ni mí! Àbẹ̀ní ni mí! Àbẹ̀ní ni ìyá àgbà mi ń pè mí!"

Lórí ìtàgé, nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, bàbá náà rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́. Ó fà á bí àgbà ṣe ń fa oríkì ọmọ: "Àbẹ̀ní o! Àbẹ̀ní, máa rọra. Tìrẹ náà ń bọ̀."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ sáàárín àga. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ohùn náà rọ̀, ó sì kéré bí ohùn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Orí rẹ̀ ti wú, omi sì lé sí i lójú. Inú bí mi, ojú tì mí, ó sì ń ṣe mí bíi kí n sunkún. Ọkùnrin tí mo wá ṣọ́ ló ṣáájú mi pe ìyàwó mi lóríkì.

Nígbà tí a jáde, ó là á yé mi. Ó ní nígbà tí mo béèrè oríkì òun, orin yẹn ni mò ń kọ lábẹ́lẹ̀, òun sì mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. "Mo fẹ́ràn yín, mo sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Mo ní tó bá dọ̀la, màá sọ òótọ́. Ọ̀la yẹn ni mi ò rí mọ́."

Mo ní, "Bàbá olórin ńkọ́? Ìgbà tó o wà n'Ìbàdàn?"

Ó dúró sójú ọ̀nà, ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń ṣọ́ mi bí olè látàárọ̀? Èmi tí mi ò fẹ́ràn orin yẹn rí! Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń pe obìnrin mìíràn sí mi létí, mo sì ń dá yín lóhùn."

A wọkọ̀, a lọ sílé.

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí, àwọn ìbejì ti kúrò nílé. Àbẹ̀ní ni mo ń pè é láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n mi ṣì ń ṣìnà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń jẹ́ ìpè mi, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ìfura kì í tán lára onífura. Ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, n ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, n ó rẹ ohùn mi sílẹ̀, n ó fa Àbẹ̀ní bí bàbá yẹn ṣe fà á. Òun á dáhùn láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ pé, "Mò ń bọ̀, Bàbá Ìbejì." Mo ṣì ń retí ọjọ́ tí yóò fi ohùn rírọ̀ yẹn jẹ́ mi, bó ṣe jẹ́ bàbá olórin.