Ìdajì Ẹja Bàbá

Ẹ jẹ́ ká dìde kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí yàrá wọn kọjú sí tèmi ní Dópẹ̀mú. Ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé, oúnjẹ wọ́n gógó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo àdúgbò jìn wọnú, àfi tiwọn nìkan ló ṣì ń dán. Àràárọ̀, kí wọ́n tó lọ di bisikíìtì sí páálí nílé iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà, wọn á gbé hóró yíìsì mẹ́ta mì kí wọ́n lè sanra.

Wọn á ní, "Ṣọ́jà kankan ò ní rí eegun ọrùn mi."

Èmi tí mo ní dìgírì tí mi ò ríṣẹ́ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ wú bíi búrẹ́dì ni?"

"Kí ìwọ náà wá wú, gbígbẹ!"

Nígbà tó yá, irun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í já mọ́ òòyà. Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ní hóró kì í ṣe oúnjẹ, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Ẹja kan ṣoṣo ló sì máa ń wà nínú ọbẹ̀ wọn, ti bàbá, ọkọ wọn, ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lójú gbogbo àwa ará ilé, wọ́n gé ẹja náà sí méjì, wọ́n gbé ìdajì tó tóbi sínú abọ́ ara wọn.

Ọkọ wọn bi wọ́n pé, "Ta ló ni ìyẹn?"

"Irun mi ló ni ín. Ẹ lọ bá a jà."

Láti ọjọ́ yẹn, ìdajì ni bàbá ń jẹ.

Síbẹ̀, wọn ò jáwọ́ nínú yíìsì. Mi ò ní purọ́, láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ fún ìntáfíù l'Ópèbí, mo kan ilẹ̀kùn wọn, mo tọrọ mẹ́rin, mo sì gbé e mì.