Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Ki Firiaona ní Rumuomasi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ nǹkan tójú mi rí ní Sọ́ńdè tó kọjá o!

Láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni ìyá ọkọ mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Port Harcourt níbí. Olórin wákà ni Màmá. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè wákà níbí? Ràmátù ọmọ mi, tá a bí síbí, Píjìn ló ń sọ ṣáá. Màmá á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọ̀kadà. Ó ti ń sọ pé òun fẹ́ padà sílé.

Mo bá bẹ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa ní Rumuomasi pé kí wọ́n jẹ́ kí Màmá kọrin níbi àdúrà wa. Wọ́n gbà.

Ìtàn Ànábì Mùsá ló mú. Ó dùn! Àfi bó ṣe dé orí Firiaona, ọba burúkú yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Firiaona ọba Misira, aláyà bí irin,
Ó gbọ́mọ ọlọ́mọ lé itan, ọmọ fà á nírùngbọ̀n, ó fara dà á.
Òkun pín sí méjì, kò ní kọ́mọ ogun ṣáájú,
Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gẹṣin wọ̀ ọ́."

Ìyá Àdínì, olórí wa, nawọ́ sókè. Ó ní ṣé kèfèrí la wá ń kì ní mọ́ṣáláṣí ni? Bí wọ́n bá dójú ti Màmá pẹ́nrẹ́n, ilé ló ń lọ nìyẹn.

Màmá ò tiẹ̀ bínú. "Ìyá Àdínì, ẹ dákun. Bó bá jẹ́ ojo ni, kí ni Ànábì Mùsá wá ṣẹ́gun? Akọni ni. Ìgbéraga ló bà á jẹ́."

Ló bá ń kọ ọ́ lọ. Omi dé orúnkún Firiaona. Ó dé àyà. Ni Ràmátù bá fò dìde, ó bú sẹ́kún: "Grandma, abeg, tell am make e beg God quick!"

Háà! Ọmọ tí mo rò pé kò gbọ́ Yorùbá!

Màmá fà á mọ́ra. Ó ní ọba náà bẹ̀, àmọ́ omi ti dé ọ̀fun kó tó bẹ̀.

"Ó mà ṣe o." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá Àdínì! Ó ń fetí ìborùn nujú. Ó ní kí Màmá tún wá kọrin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká má fi iyì ẹni burúkú pamọ́. Ìgbà tá a bá mọ ohun tó dáa lára rẹ̀ la tó mọ bí òfò náà ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹni burúkú inú ìtàn ẹ̀sìn tó ti ṣe yín láàánú rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màmá ti fìdí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n máa kà á fún òun.